Ojú Àwọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi kò ju yàrá kan lọ,
ó kọjú sí ọ̀sà, ó kẹ̀yìn sí mọ́ṣáláṣí,
nísàlẹ̀ Ayétòrò, ní Ẹ̀pẹ́.
Òwú, ìwọ̀, òjé, okùn, àwọ̀n lóríṣiríṣi,
gbogbo ohun tí apẹja ń rà kó tó fẹsẹ̀ kan omi.
Kò ní pátákó. Òórùn ọ̀dà ni pátákó rẹ̀.

Bí o bá wọlé, tí o ní àwọ̀n lo fẹ́,
kò ní kọ́kọ́ dárúkọ owó.
"Ibo lò ń dẹ ẹ́ sí? Ẹja wo lò ń wá?"
Á na ìka, á kì í bọ ojú àwọ̀n:
ìka mẹ́ta, ọ̀bọ̀kún;
ìka mẹ́rin, epìyà tó ti bímọ.
Ìka kan? Kò tà á.
"Ìyẹn ń kó ọmọdé," á ní. "Ọ̀la lẹ fẹ́ fi jẹ̀bà."

Ìwé àwìn ló kù,
ìwé oníla tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já,
òun nìkan ló mọ̀ ọ́n kà:
Kàmórù, ẹgbẹ̀rún méje, ó di ìgbà tí ọ̀sà bá mọ́.
Ọ̀sà ti mọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Kàmórù ṣì wà níbẹ̀.

Ọdún tí dẹ́tà di pọ́ọ́kú
làwọn ọmọ apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò dẹ àwọ̀n.
Wọ́n á na fóònù sí ìyá mi lójú:
"Ìyá Aláwọ̀n, ẹ wò ó, ẹgbẹ̀rún méjìlá rèé,
tiyín ni mẹ́rìndínlógún."
Á wò ó. Kò ní jiyàn.
Irọ́ kọ́. Èmi náà ti ṣírò rẹ̀ rí:
ọ̀gá tó ń kó ọjà fún wa láti Ìdúmọ̀tà ń jẹ tirẹ̀,
mọ́tò ń jẹ, agbèrò ń jẹ,
kí ìdì àwọ̀n kan tó dé Ẹ̀pẹ́
ẹnu tó ti bù ú jẹ kò níye.

Oníbàárà dín. Ọ̀gá Ìdúmọ̀tà kò pè mọ́.
Aláǹtakùn ta àwọ̀n tirẹ̀ sára àwọ̀n wa,
kò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọlọ́kadà kan dé,
àpótí pupa lẹ́yìn rẹ̀, eruku lójú rẹ̀.
Ó ń wá ilé tí kò ní nọ́ńbà ní òpópó tí kò lórúkọ.
Máàpù ti mú un dé etí omi,
ó ní kó ṣì máa lọ tààrà.
"Ta lò ń wá?"
"Kàmórù Arógunmátìdí."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ irú ẹ̀rín tí í ṣe.
"Gbé e kalẹ̀. Yóò kọjá níbí."
Ó sì buwọ́ lùwé gba àwọ̀n tí kò tà.

Látọjọ́ náà la ti di ibùdó ẹrù,
à ń ṣọ́ ọjà àwọn tó sá fún ọjà wa.

Kàmórù dé nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ ló ń wò.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà;
ojú Kàmórù kò sí nílé.
Ìyá mi fọ̀bẹ la páálí, ó na ìka.
Ìka kan kò fẹ́ wọ̀ ọ́.
"Ta ló bi ọ́ léèrè ibi tí o fẹ́ dẹ ẹ́ sí?"
"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́."
Kò bú u. Ó wọn òjé fún un,
torí òjé kò sí nínú páálí,
ó sì kọ ọ́ sábẹ́ gbèsè àtijọ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó parí sí,
kí n lè sọ pé ìyá mi ló borí.
Àmọ́ lánàá ọlọ́kadà tún dé,
orúkọ tó pè ni Muníbátù Aláwọ̀n.
Ìdì mẹ́fà. Ìka mẹ́ta. Ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ìyá mi kò wojú mi.
"Kàmórù ló bá mi tẹ̀ ẹ́," ó ní,
"ó fi san díẹ̀ nínú gbèsè."
Ó mú bírò, ó fa ilà sí ẹgbẹ̀rún kan.
Ó ku mẹ́fà, àti owó òjé.